Bí a ṣe ń ṣèwádìí ewéko orí àpáta tó ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Akúrẹ́ àti Ìdànrè, tí a sì ń dáàbò bò wọ́n

Tí ẹnì kan bá dárúkọ ewéko orí òkè, ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ sí àwọn òkè ilẹ̀ òkèèrè tí yìnyín bò. Òkè tiwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àpáta ni: Ìdànrè, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Akúrẹ́, àwọn òkè Àkókó tó yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ká, àti àwọn àpáta kéékèèké tó yọrí láàárín oko àti ilé káàkiri Akúrẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó-Èkìtì á rí Olósùnta àti Òrólé ní Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ewéko kan wà lórí àwọn àpáta yìí tí ẹ kò ní rí ẹyọ kan wọn nínú igbó tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá tán lórí àpáta kan, ó lè pẹ́ gan-an kí irúgbìn wọn tó tún ti orí àpáta mìíràn dé ibẹ̀, nítorí oko, igbó àti ilé ló wà láàárín.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, àwọn amọ̀nà tó ń mú àlejò gun òkè, àgbẹ̀ oníkòkó tí oko rẹ̀ fara kan àpáta, àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí ohun tí òun rí lónìí wúlò fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ogún ọdún. Ojú, ẹsẹ̀ àti pẹ́ńsù ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fi àdá sílé. Ewéko tó ṣọ̀wọ́n kì í kú lọ́wọ́ ọ̀tá nìkan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà máa ń fà á tu lọ sílé kí wọ́n tó mọ iye tó kù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń gbé

Lọ́sàn-án ẹ̀rùn, ojú àpáta lè gbóná kọjá 50°C. Kò sí ilẹ̀ lórí rẹ̀, omi òjò kì í sì í dúró. Àwọ̀ dúdú tó bo àpáta Ìdànrè kì í ṣe èéfín tàbí ìdọ̀tí: ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló lẹ̀ mọ́ òkúta, tí wọ́n ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn bí ewé ṣe ń lò ó. Ibi tí bàtà bá ti ha wọ́n kúrò lójoojúmọ́ ló máa ń funfun bí ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn ojú àpáta gbalasa, ẹ wo àwọn ibi tí koríko ti tẹ́ bí ẹní. Ewéko tó sábà máa ń ṣe ẹní yẹn ni Afrotrilepis pilosa. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Tí ẹ̀rùn bá mú, á gbẹ pátápátá, ewé rẹ̀ á pàdánù àwọ̀ tútù, á dà bí èyí tó ti kú láti èṣí. Tí òjò bá rọ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, ewé kan náà á tún tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń pè é ní pàǹtí, tó sì ń ṣáná sí i. Ìtì rẹ̀ nípọn, ó kún fún fọ́nrán, gbòǹgbò rẹ̀ kàn gbá orí òkúta mú ni, kò wọnú rẹ̀. Nítorí náà, tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ lé etí ẹní yẹn, odidi rẹ̀ lè ṣí kúrò, kó sì yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ó máa ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Lára ìtì rẹ̀ náà ni orchid kékeré kan (irú ewéko olódòdó tó sábà máa ń gbé lára ewéko mìíràn), Polystachya microbambusa, ti ń gbé. Ẹni tó bá ṣí ẹní náà ti lé orchid yẹn kúrò nílé.

Ẹ tún wo àwọn kòtò tí omi òjò ń dúró sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ewéko ibẹ̀ máa ń hù, wọ́n á tanná, wọ́n á sì so kí omi tó gbẹ. Lẹ́yìn náà irúgbìn nìkan ló kù nínú yanrìn ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹ má ṣe gbá kòtò bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà ẹ̀rùn pé ẹ ń tún àyíká ṣe.

Ibi tí omi ti ń sẹ̀ láti ara àpáta náà ṣe pàtàkì. Àwọn Utricularia máa ń wà níbẹ̀, ewéko kéékèèké tó ní àpò tín-ín-tìn-ín tó fi ń mú kòkòrò inú omi jẹ. Ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ omi yìí kọjá ti ewéko. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà, Sclerophrys perreti, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní 1963, tí a kò tíì mọ̀ pé ó wà níbòmíràn láyé yàtọ̀ sí àwọn òkè Ìdànrè. Lójú àpáta tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń ṣàn lé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Wọ́n tún rí i ní 2013 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọṣẹ fọwọ́ níbẹ̀, ẹ má sì ti ibẹ̀ pọn omi fi fọ bàtà.

Inú láàlà àpáta ni igi ti máa ń rí ibi fi gbòǹgbò sí: Hildegardia barteri, tó máa ń tan òdòdó pupa lẹ́yìn tí ewé rẹ̀ bá ti wọ́ dànù, àti Hymenodictyon floribundum. Lẹ́sẹ̀ àpáta, níbi tí ilẹ̀ ti pọ̀, igbó ló wà, tàbí oko kòkó. Ẹ̀yà ibùgbé kọ̀ọ̀kan yìí ni kí ẹ máa kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé tó bá kàn sọ pé “a rí i lórí òkè” kò ràn ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wá ohun tí àwọn aṣáájú ti kọ sílẹ̀

Òkè Ìdànrè ní oríire kan tí ọ̀pọ̀ òkè ilẹ̀ wa kò ní: P. W. Richards, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àpèjúwe àwọn ewéko ibẹ̀ jáde ní 1957 nínú Journal of Ecology. Ní 1964, D. J. Hambler kọ nípa àwọn àpáta ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà. Ẹni tó bá fi ohun tí wọ́n rí nígbà náà wé ohun tó rí lónìí ti ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé yunifásítì lè bá yín wá méjèèjì.

Fún dídá ewéko mọ̀, ìwé tí gbogbo ènìyàn ń lò ni Flora of West Tropical Africa, ẹ̀dà rẹ̀ kejì tó jáde láàárín 1954 àti 1972. Ó ti pẹ́, orúkọ púpọ̀ sì ti yí padà láti ìgbà náà. Trilepis pilosa ni àwọn ìwé àtijọ́ ń pe Afrotrilepis tí mo sọ lókè. Ẹ máa yẹ orúkọ wò lórí Plants of the World Online, ìkànnì tó to orúkọ ewéko gbogbo ayé, kí ẹ tó kéde pé ẹ ti rí nǹkan tuntun.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo ewéko gbígbẹ fúnra rẹ̀. Ilé ìpamọ́ ewéko gbígbẹ tó tóbi jù ní Nàìjíríà wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, ní Jericho, Ìbàdàn. FHI ni àmì rẹ̀ nínú ìwé. Ti yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń jẹ́ IFE. Ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú, ẹ sọ ẹbí ewéko tí ẹ fẹ́ wò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá “Idanre” lórí GBIF, ìkànnì tó kó àkọsílẹ̀ ẹ̀dá alààyè láti gbogbo ayé jọ, kí ẹ sì tún wá “Akure” àti “Ondo Province”, nítorí bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe tábìlì kan: orúkọ, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, gíga ibẹ̀, ẹni tó já a, bóyá ó ní òdòdó. Oríṣi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ti ju ogójì ọdún lọ, ẹ fi àmì sí i. Òun ni ẹ ó kọ́kọ́ wá.

Ẹ gba ìyọ̀nda, kì í ṣe ti ìjọba nìkan

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gbà nísàlẹ̀ òkè Ìdànrè, ti àlejò tó fẹ́ gun àtẹ̀gùn 667 ni. Kò fún yín láṣẹ láti já ewé. Ẹ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìrìn-àjò afẹ́, àti sí ẹ̀ka igbó tí ibi tí ẹ ń lọ bá wà nínú igbó ọba. Òkè Ìdànrè wà lórí àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà gbé síwájú UNESCO láti 2007 pé ó fẹ́ kí wọ́n kà sí ogún àgbáyé, nítorí náà ohunkóhun tó bá yí ojú ibẹ̀ padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ààfin ló kàn. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn títí di nǹkan bí 1923 kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ààfin àtijọ́, ojúbọ àti ibojì àwọn bàbá wọn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń gun ibẹ̀ lọ ṣe ọdún. Ẹ lọ kí Ọwá àti àwọn ìjòyè. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí ẹ kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó na ìwé yunifásítì sí àwọn àgbà bí ẹni tó mú ìwé ẹ̀sùn wá. Wọ́n gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn ò sì fi ibì kankan hàn án.

Ẹ bi wọ́n léèrè àwọn ọjọ́ tí a kì í gun òkè àti àwọn ibi tí àlejò kì í dé. Tí wọ́n bá ní ẹ má dé ibì kan, ẹ má dé ibẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò dé yẹn ló sábà máa ń ní ewéko tó pọ̀ jù. Ẹ kàn kọ sínú ìwé yín pé “a kò wo ibí”. “A kò wò ó” àti “a wò ó, a kò rí i” kì í ṣe ọ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ìròyìn ìwádìí ló sì ti pa méjèèjì pọ̀ tó fi ṣi àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà.

Orúkọ ewé tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, ọdẹ tàbí ẹlẹ́wé-ọmọ, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é gẹ́lẹ́. Ìdànrè kì í fìgbà gbogbo pè é bí Akúrẹ́ ṣe ń pè é, ti Àkókó sì tún yàtọ̀. Bí wọ́n bá sọ ìlò rẹ̀ fún ìwòsàn, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè kọ ọ́ síta. Tí wọ́n bá ní rárá, ó parí síbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ?

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ lọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Ẹ padà lọ láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, torí ìgbà yẹn ni àwọn ewéko inú kòtò àti ti ojú omi máa ń tanná. Kí ẹ sì lọ ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá fún èso àti irúgbìn. Ẹni tó bá lọ nígbà ẹ̀rùn nìkan á kọ̀wé pé kò sí nǹkankan lórí àpáta.

Àpáta tí omi bá wà lójú rẹ̀ ń yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ mú amọ̀nà ìlú, ẹ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ojú ọ̀run bá ti ṣú kí àrá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì máa wo òkè kí ẹ tó gba abẹ́ ihò àpáta kọjá nítorí oyin.

Ohun tí ẹ máa gbé dání

Kò pọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù, nítorí omi òjò ń pa bíírò rẹ́. Fóònù tó lè sọ ibi tí ẹ wà, pẹ̀lú bátìrì àfikún. Gíláàsì kékeré tó ń mú nǹkan tóbi nílọ̀ọ́po mẹ́wàá. Láìsí i, ẹ kò ní rí ohun tó ya koríko kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Tépù ìwọ̀n, rúlà, okùn mítà 20, igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí ẹ lè so di férémù mítà 1 sí mítà 1. Ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí, pákó pẹlẹbẹ méjì àti okùn ìdì. Àpòòwé bébà fún irúgbìn, kì í ṣe ọ̀rá: ọ̀rá máa ń jẹ́ kó bu.

Kíkà àti kíkọ

Ẹ na okùn láti ẹsẹ̀ àpáta sókè, kí ó gba orí oríṣiríṣi ibùgbé kọjá. Ní ibi tí ẹ bá ti pinnu ṣáájú, ní mítà márùn-ún márùn-ún fún àpẹẹrẹ, ẹ gbé férémù kalẹ̀, ẹ ka gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e síbi tí ewéko ti lẹ́wà. Bí èèyàn ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ nìyẹn. Okùn tó gba orí ẹní koríko kọjá, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Fún ewéko tó dá dúró, ẹ ka iye rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ya èyí tó ti dàgbà tó láti so sọ́tọ̀ sí ọ̀dọ́, kí ẹ sì ya ọ̀dọ́ sọ́tọ̀ sí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Fún èyí tó ń tẹ́ bí ẹní, kíkà kò ṣeé ṣe. Ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo àkọsílẹ̀, ọmọ ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni mo máa mú. Igi ogójì tí gbogbo wọn ti gbó, tí kò sí ọmọ kan lábẹ́ wọn, wà nínú ewu ju igi mẹ́wàá tí ọmọ yí ká lọ, ojú lásán kò sì ní fi ìyẹn hàn yín tí ẹ kò bá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀.

Fọ́tò márùn-ún fún ewéko kọ̀ọ̀kan: odidi rẹ̀ níbi tó wà, ojú ewé, ẹ̀yìn ewé, òdòdó tàbí èso láti ìtòsí, àti àyíká láti òkèèrè. Ẹ fi rúlà sínú rẹ̀. Ẹ tún yan ibì kan tí ẹ ó ti máa ya fọ́tò kan náà lọ́dọọdún, ibi tí àmì àdáyébá bíi ojú láàlà ńlá wà. Ẹ má fi ọ̀dà sàmì sára òkúta.

Tí fóònù bá ń sọ pé òun lè ṣì ibi tí ẹ wà ní mítà 30, ẹ dúró díẹ̀ kó rí sátẹ́láìtì púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gíga ibẹ̀.

Ṣé kí ẹ já a, àbí kí ẹ má já a?

Àpẹẹrẹ gbígbẹ ni ẹ̀rí tó dájú jù, torí fọ́tò kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òdòdó wò. Ṣùgbọ́n òfin tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ mú ju ọ̀kan nínú ogún lọ. Tí ohun tí ẹ rí kò bá tó ogún, ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Tí ẹ̀ka kan bá tó, ẹ má fa gbòǹgbò. Orchid, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá bí ẹ kò bá ní ìwé àṣẹ pàtó: gbogbo ẹbí orchid ló wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn náà láti 1974. Kíkó o kọjá ẹnubodè láìní ìwé, ẹjọ́ ni.

Èyí tí ẹ bá já, ẹ tẹ́ ẹ sínú ìwé ìròyìn lórí òkè níbẹ̀, kí ewé má bàa ká. Ẹ yí ewé kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn. Lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ ni kí ẹ pààrọ̀ ìwé ìròyìn; nígbà òjò ní Akúrẹ́, ẹ lè ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ẹ sì gbé e síbi tí ooru díẹ̀ wà, jìnnà sí iná. Oòrùn tààrà máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ igi. Èyí tó gbẹ tán máa ń takandandan tí ẹ bá gbé e sókè. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi í sínú fíríìsà fún ọ̀sẹ̀ kan kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Tí iná ọba bá ń lọ ń bọ̀, ẹ wá ilé ẹran dídì tó ní jẹnẹrétọ̀.

Kádì tó ń bá a lọ ṣe pàtàkì ju ewé lọ. Orúkọ ẹni tó já a àti nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, ìlú, ibi pàtó, gíga, irú ibùgbé, àwọ̀ òdòdó kó tó gbẹ, iye tí ẹ rí, orúkọ Yorùbá àti ìlú tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́ta tí iye bá gbà: ọ̀kan fún FHI, ọ̀kan fún IFE, ọ̀kan fún FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Akúrẹ́, tàbí ilé ẹ̀kọ́ yín.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n?

Ẹ má yára pariwo. Afrotrilepis pilosa tó dà bí àrà ọ̀tọ̀ ní Ìdànrè wà lórí àpáta láti Senegal títí dé Gabon. Kò ṣọ̀wọ́n láyé. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lè jẹ́ orchid tó wà lára rẹ̀, tàbí àpapọ̀ gbogbo wọn lórí àpáta kan tí iná kò tíì dé. Ṣíṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa àti ṣíṣọ̀wọ́n láyé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ó kọ wọ́n.

IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ló ní òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò. Bí ewéko tó ti dàgbà tó láti so kò bá tó 50 ní gbogbo ayé, ó wà ní ipele ewu tó ga jù, CR. Bí kò bá tó 250, EN, ipele tó tẹ̀lé e. Bí kò bá tó 1,000, VU, èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ọ̀nà mìíràn ni ti ilẹ̀ tó gbà: wọ́n á pín àwòrán ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin kìlómítà 2 sí kìlómítà 2, wọ́n á ka èyí tí ewéko náà wà nínú rẹ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá tó kìlómítà 10 níbùú lóròó, ó lè wọ CR, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ tún fi ó kéré tán méjì nínú mẹ́ta yìí hàn: pé ojú kan ṣoṣo ló kù sí tàbí pé ó ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, pé ó ń dínkù, pé iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò gidigidi. GeoCAT lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe ìṣirò ilẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti fi àwọn ibi tí ẹ ti rí i sí i. Ibi tí àkọsílẹ̀ “a kò wò ó” ti wúlò nìyí o.

Irúgbìn

Ẹ dúró kí èso pọ́n dénú. Nínú irúgbìn tó gbó lọ́jọ́ yẹn, ẹ má mú ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, kí ẹ sì mú un díẹ̀díẹ̀ lára ewéko púpọ̀ dípò kí ẹ tán ọ̀kan. Ẹ kó o sínú àpòòwé bébà, ẹ sá a sábẹ́ òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sínú ìgò tó dé pinpin pẹ̀lú silica gel, hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tó ń yí àwọ̀ padà, kí ìwọ̀n méjèèjì dọ́gba. Tí àwọ̀ bá yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nílé, fíríìjì ti tó fún ìgbà díẹ̀. Fún ìpamọ́ ọlọ́dún púpọ̀, ẹ kọ̀wé sí NACGRAB, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń pa irúgbìn mọ́, ní Moor Plantation, Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn nìyẹn, àti pé ìpamọ́ tó dára nílò nǹkan bíi -20°C tí kì í yẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló gbà kí a gbẹ ẹ́. Ará Ìdànrè kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: irúgbìn kòkó tó bá gbẹ ti kú. Ọ̀pọ̀ igi igbó ẹsẹ̀ àpáta rí bẹ́ẹ̀, kíá ni wọ́n ń fẹ́ kí a gbìn wọ́n. Ti orchid sì dà bí eruku, kì í hù láìsí irú olú kan pàtó nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní ilé ìwádìí.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìn

Gbígbìn ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ dára, ó ń fi ewéko han àwọn tí kò lè gun òkè. Yanrìn líle àti òkúta ni kí ẹ lò, kì í ṣe ilẹ̀ dúdú. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nígbà ẹ̀rùn bó ṣe ń gbẹ lórí òkè. Ewéko àpáta tí a bá ń bomi rin lójoojúmọ́ máa ń jẹrà. Lára ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ àpáta tó ti wá. Tí ẹ bá máa dá a padà, àpáta kan náà ni: ti Ìdànrè kì í lọ sí Ìkàrẹ́. Ẹ sì má dá a padà títí ohun tó pa á tẹ́lẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ń pa wọ́n, àti ohun tí ẹ lè ṣe

Iná ló kọ́kọ́. Nígbà ọyẹ́, iná ọdẹ tàbí iná oko máa ń gun àpáta láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí oṣù kejìlá tó dé, ẹ bá àwọn olóko sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ ro ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, kí koríko kankan má kù níbẹ̀, láàárín oko àti àpáta. Àgbẹ̀ oníkòkó kì í kọ èyí, nítorí iná tó ń bọ̀ láti orí òkè náà lè jó kòkó rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orchid.

Ibi tí iná ti jó ni ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, máa ń kọ́kọ́ gbà. Ẹ fà á tu kó tó tanná lópin ọdún. Èyí nìkan ni mo gbà kí ẹ fà tu láìbéèrè.

Fífọ́ òkúta tún wà. Àpáta púpọ̀ ní agbègbè Akúrẹ́ ti di òkúta ilé àti ọ̀nà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbìn padà sórí àpáta tí wọ́n ti fọ́. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti 1992 sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò ṣáájú, ó sì fún aráàlú láyè láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Àkọsílẹ̀ yín, tó ní orúkọ, iye àti ọjọ́, lè wọ inú àyẹ̀wò yẹn bí ẹ bá tètè mú un lọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti dé, ó ti pẹ́.

Ní ti àlejò, amọ̀nà ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ mú àwọn amọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin gun òkè, ẹ fi ẹní koríko àti ojú omi hàn wọ́n, kí ẹ sì jọ yan ọ̀nà tí kò gba orí wọn kọjá. Ọ̀rọ̀ tí amọ̀nà bá sọ fún ọgọ́rùn-ún àlejò ju pátákó ìkìlọ̀ lọ.

Àkọsílẹ̀ tí ẹ máa fi síta

Tí ẹ bá gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì tí aráyé ń gbé fọ́tò ẹ̀dá alààyè sí, ẹ yan kí ó fi ibi pàtó pamọ́. Ẹ má fi ibi tí orchid wà sórí Facebook, kódà fún ìdùnnú; àwọn tó ń tà á ń ka Facebook bí àwa náà ṣe ń kà á. Ibi pàtó lọ sí FHI, sí ilé ẹ̀kọ́ yín, àti sí ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀. Ẹ kọ ìròyìn olójú ewé méjì ní Yorùbá fún ààfin àti fún àwọn olóko, pẹ̀lú fọ́tò, kí ẹ gbé e lọ fúnra yín. Ẹ kọ ọjọ́ ìbẹ̀wò tó kàn síbẹ̀, kí wọ́n lè bi yín bí ẹ kò bá wá.